Ta Ló Fojú Ara Rẹ̀ Rí I? Ọ̀rọ̀ lórí Agbára Àwọn Òjíṣẹ́ Ẹ̀mí

 Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Bìní ṣe ilé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ òní fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ kan tẹ̀ lé mi délé. Wọ́n ní ìlú agbára ni Bìní, ẹni tó bá ń bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ alágbára níbí, ara ń yún un ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì wá.

Ohun tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò nìyí. Wọ́n á sọ fún wa pé wòlíì kan jí òkú. Wọ́n á ní àáfà kan mọ iye tó wà nínú àpò ẹni láì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní olóòṣà kan fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú olè. Kí ló yẹ ká bèèrè kí a tó gbà? Kí ló sì yẹ ká bèèrè kí a tó kọ̀? Mo fi ti èkejì kún un nítorí àwọn tó ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ náà máa ń yára jù.

A ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Bìní ká fo orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Benson Idahosa. Ọdún 1938 ni wọ́n bí i, inú ìṣẹ́ ló sì dàgbà sí. Ó ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ Bata tó ń ta bàtà. Ní 1968 ó dá ìjọ Church of God Mission sílẹ̀, ní 1971 ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì Christ for the Nations ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì padà dé, kò pẹ́ tí Bìní fi di ojú kan tí àwọn oníwàásù ilẹ̀ Áfíríkà ń wò. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n di ńlá ní Nàìjíríà. Ayo Oritsejafor, David Oyedepo, Chris Oyakhilome, gbogbo wọn ló gba ìbùkún lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo àwọn oníwàásù òde òní tí kò mọ Idahosa, àárín ìtàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù nípa rẹ̀ ni ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbàgbọ́, ó gbọ́ lẹ́nu pásítọ̀ rẹ̀ pé Kristẹni lè jí òkú. Àwọn yòókù gbọ́ ọ, wọ́n ṣe àmín, wọ́n lọ sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkú káàkiri ìlú. Nígbà tó ṣe, ó dé ilé kan tí ọmọdébìnrin kékeré ti kú, ó tọrọ àyè, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì dìde. Ìtàn yìí wà nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀, Fire in His Bones, tí Ruthanne Garlock kọ ní 1981. Láti ìgbà náà, iye òkú tí wọ́n ní ó jí ń pọ̀ sí i bí ìtàn ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, n kò sì fi ṣẹ̀sín. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọkùnrin kan gbọ́ ohun ńlá, ó ní òun á lọ dán an wò bóyá òótọ́ ni. Onídánwò ni Idahosa lọ́jọ́ yẹn, ó ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń pe ara wa ní oníyèméjì lọ, tí a kì í dìde kúrò lórí àga wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, kó ṣe é débi tó dé. Ta ló yẹ ọmọ náà wò tó fi mọ̀ pé ó ti kú? Ní àkókò yẹn, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kú, ìyá àgbà ni yóò wo ojú ọmọ, tí yóò gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, tí yóò sì figbe ta. Ẹ̀yin ìyá mọ gìrì. Bí ibà bá wọ ọpọlọ ọmọ, ọmọ á le gbagidi, ojú á yí sókè, lẹ́yìn náà ara á rọ̀ jọwọlọ, èémí lè kéré débi pé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ dókítà létí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, bákan náà ni. Nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń lajú padà bí wọ́n bá gbàdúrà, àwọn kan máa ń lajú padà bí ẹnikẹ́ni kò bá gbàdúrà. Èmi ò sọ pé ohun tó ṣe ọmọ yẹn nìyẹn. N kò sí níbẹ̀. Mo ń sọ pé bí ìtàn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ohun tí a lè fi ya ọmọ tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó dákú.

Ẹ jẹ́ ká tún wo apá kejì tí a kì í sábà wò. Àwọn tí wọ́n gbàdúrà lé lórí tí wọn kò dìde ńkọ́? Ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ẹni tó jí a máa dé orí pèpéle wá jẹ́rìí. Ẹni tí kò jí, wọ́n ti sin ín, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti dákẹ́. Tí ó bá jẹ́ ẹyọ ẹ̀rí kan péré ni a ń gbọ́, tí ogún tàbí ọgọ́rùn-ún tó dákẹ́ kò sí nínú ìwé, a ò lè ṣe ìṣirò kankan.

Ìtàn kejì jẹ́ ti ọdún 1990. Ìròyìn gba ìlú pé àwọn àjẹ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń bọ̀ wá ṣe àpérò ní Bìní. Bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe ń rò ó, olórí àwọn àjẹ́ sọ pé Ọlọ́run pàápàá kò lè dá ìpàdé náà dúró. Idahosa fèsì pé òótọ́ ló sọ, Ọlọ́run kò ní wulẹ̀ da ara Rẹ̀ láàmú, nítorí òun tí òun jẹ́ aṣojú Rẹ̀ ti fagi lé e. Àpérò náà kò wáyé. Wọ́n tún máa ń fi kún un pé ìjọba kọ̀ láti fún àwọn àlejò ní físà.

Ìpàdé tí kò wáyé! Ẹ wò ó, tó bá jẹ́ pé gbogbo ìpàdé tí kò wáyé ní Nàìjíríà ni iṣẹ́ ìyanu wà nínú rẹ̀, ìpàdé àwọn onílé àdúgbò tiwa nìkan ti tó láti fi kọ ìwé ẹ̀rí. Owó lè má pé. Àlejò lè má rí físà gbà. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé àlejò kankan kò fẹ́ wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ á ní àdúrà ló di ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń tẹ físà mú. Oníyèméjì á ní òṣìṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò sí ohun kan láyé yìí tó lè ṣẹlẹ̀ tí yóò fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn kò tọ̀nà. Ohun tó tún yẹ ká kíyè sí ni ibi tí Idahosa àti olórí àwọn àjẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan. Àwọn méjèèjì gbà pé agbára àjẹ́ wà, ó sì lè pa èèyàn. Ẹni tí agbára tirẹ̀ ju ti èkejì lọ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni kẹta tí yóò bèèrè bóyá agbára náà wà rárá kò rí àyè jókòó nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Àìsí ẹni kẹta yìí sì ti ní èèyàn tó ń san gbèsè rẹ̀. Kí ẹ má baà rò pé ọmọ Bìní nìkan ni mo gbé dání, ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ̀wọ̀n Bìní ti gba wòlíì Yorùbá kan lálejò rí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, ó sì ń wa ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà. Ní 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun síṣẹ́. Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbé ìkòkò àti ìgò omi wá, àdúrà ni wọ́n gbà sí i, omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òkú jí níbẹ̀, pé afọ́jú ríran. Lẹ́yìn náà ni wòlíì gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ, ó dé Òtùò, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí. Ìwàásù rẹ̀ lórí àwọn àjẹ́ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1932, ilé ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, Bìní níbí ló sì ti ṣe é.

Inúnibíni ni ìjọ rẹ̀ ń pe ẹ̀wọ̀n yìí. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ràn wòlíì aláwọ̀ dúdú tó ń kó èrò jọ láìgba àṣẹ, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún jẹ́ ká rántí pé ibikíbi tí wọ́n bá ti ń tú àṣírí àjẹ́, ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú yí sí. Ọmọ kan kú nílé kẹta, àwọn àgbà wí, wòlíì jẹ́rìí sí i, ó parí fún ìyá náà. Kò sí ẹ̀rí tó lè mú wá tí yóò fi hàn pé òun kò fò lóru. Abala 210 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ní Gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní àjẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà nídìí rẹ̀. Òfin náà ṣì wà nílẹ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń tú àjẹ́ fó lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lóru tí ọlọ́pàá sì ń gbọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún Babalọlá o. N kò gbà pé oníjìbìtì ni, ẹni tó bá sì ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí nira gan-an nìyẹn. A máa ń rò pé bí a bá ti mọ̀ pé ẹnì kan kì í purọ́, ohun tó ń sọ nípa agbára rẹ̀ ti di òótọ́. Ọ̀nà méjì ni. Èèyàn lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá, kó sì ṣi ohun tó rí túmọ̀.

Ìtàn ìjọ tí Babalọlá wà sì tún fi ohun mìíràn hàn tí n kì í lè sọ láì rẹ́rìn-ín. Láti gba ààbò lọ́wọ́ ìjọba, àwọn àgbà ìjọ náà, D. O. Odubanjo àti I. B. Akínyẹlé, ẹni tó padà di Olúbàdàn ní 1955, ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó ìjọ Apostolic ní Britain. Àwọn òyìnbó náà dé ní 1931. Wọ́n ń wàásù ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́ bíi tiwa. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá fi rí i pé àwọn àlejò ń gbé kínínì mì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn tiwa ní ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ kò nílò oògùn, àwọn òyìnbó ní kínínì kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Kí ọdún 1941 tó parí, ìjọ ti pín sí méjì, apá tiwa ló di Christ Apostolic Church. Ta ló jàre? Ní ti òtítọ́ sí ìwàásù ẹni, àwọn tiwa ló jàre pátápátá, wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ti ibà, kínínì ló jàre. Idahosa kò sì kó sínú ìjà yìí, nítorí ìjọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Bìní níbí, Faith Mediplex, tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ papòdà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1998, kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

Àwọn kan á ní ẹ̀mí à-ń-bèèrè yìí, ilé ìwé òyìnbó ni a ti kó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo bí àwọn baba wa ṣe ń dá Ifá. Ẹni tó lọ bèèrè kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Wúyẹ́wúyẹ́ ni yóò sọ ọ́ sí owó lọ́wọ́, yóò sì gbé owó náà sílẹ̀. Ifá ni yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá yé e, wọ́n á di ìbò, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, eegun lọ́wọ́ kejì, láti mọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá tún balẹ̀, ilé babaláwo mìíràn kò jìnnà. Àwọn tó gbé ètò yìí kalẹ̀ mọ̀ dájú pé ẹni tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, kò ṣòro fún un láti ríran sí ọ. Ètò náà ní ihò o. Ẹsẹ̀ Ifá tí wọ́n á kì pọ̀, oníbèèrè ló ń mú èyí tó bá tirẹ̀ mu, kò sì sí ìtàn tí ọkàn tó ní ìdààmú kò ní rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó sàn ju ti òde òní lọ, níbi tí wọ́n ti ń fún ọ ní fọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà pé kí o kọ orúkọ rẹ, àdúgbò rẹ àti ìṣòro rẹ sí i, kí wòlíì tó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nínú ẹ̀mí.

Nítorí pé orí rédíò la wà, ẹ jẹ́ kí n fi ti rédíò kún un. Ní Amẹ́ríkà, oníwàásù kan wà tó ń jẹ́ Peter Popoff. Ó máa ń pe orúkọ àwọn aláìsàn láàárín èrò, á sọ òpópónà tí wọ́n ń gbé, á dárúkọ àìsàn wọn. Ní 1986, James Randi, tó jẹ́ onídán, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ibi ìsìn náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì rédíò. Wọ́n yí i dé 39.17 megahertz. Ohùn ìyàwó oníwàásù ni wọ́n bá níbẹ̀, tó ń ka orúkọ àti àdírẹ́sì sí ọkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré tó fi sétí. Randi gbé ohùn náà sórí tẹlifíṣọ̀n, ọdún kejì ni Popoff kéde pé òun ti wọ gbèsè. Ẹ ò rí i pé onídán ló mú un? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lè jókòó síbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá kí wọ́n máà fura, nítorí ẹ̀dá tí wọ́n ń yẹ̀ wò nílé iṣẹ́ wọn kì í fi nǹkan pamọ́ fún wọn.

Ní Bìní níbí, wòlíì kò tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ etí. Ẹni tó bá dìde láàárín ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn tó ní òun rí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Osa, kí ó kúkú múra sílẹ̀. Osagie á dìde, Osaretin á dìde, Osahon á dìde, Osayande á ti máa sunkún lẹ́yìn. Osanobua ni orúkọ Ọlọ́run lédè Ẹdó, gbogbo ilé ló sì fi sọ ọmọ. Ẹ̀yin Ọlá àti Olú, ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

Ìjọba náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí lápá tiwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ní 2004, àjọ NBC tó ń bójú tó iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, èyí tí Silas Yisa ń darí nígbà náà, fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní gbèdéke di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin láti dáwọ́ dúró lórí gbígbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde. Ohun tí òfin náà ń fẹ́ ni pé kí ohun tí wọ́n bá gbé jáde ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí ó sì ṣeé gbàgbọ́. Ariwo sọ nígbà náà, àwọn kan ní ìjọba ń bá Ọlọ́run jà. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́, kí ó ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ti kejì ni kò yé mi. Iṣẹ́ ìyanu wo ló ṣeé gbàgbọ́? Bó bá ṣeé gbàgbọ́, ta ni yóò pè é ní ìyanu? Bó ti wù kó rí, sátẹ́láìtì dé, fóònù dé, òfin tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n kò lè mú fídíò tó ń gba orí WhatsApp wọlé. Irú rẹ̀ ni ti oṣù Kejì 2019, nígbà tí fídíò pásítọ̀ Alph Lukau ní Johannesburg káàkiri ayé, tí ọkùnrin kan jókòó dìde nínú pósí. Àwọn tó ń ṣe ètò òkú ní wọ́n tan àwọn jẹ ni, wọ́n ní àwọn á pe ìjọ lẹ́jọ́. Ìjọ náà wá sọ pé ọkùnrin náà ti wà láàyè kí wọ́n tó gbé e dé ọgbà àwọn. Ọjọ́ mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ gbà láti ìyanu dé àlàyé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyanu tó ní ìwé wà ní ìlú yìí. Ní 2011, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn yunifásítì Bìní, UBTH, ní Ugbowo pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun fún ọmọdé kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, àrùn tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ara mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kí wọ́n tó ṣe é wà nínú àkọsílẹ̀, ti lẹ́yìn rẹ̀ náà wà.

Títí di ibí yìí, oníyèméjì lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yá, kó gbọ́ èyí tó kàn.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọbìnrin wa láti Ẹdó lọ sí Ítálì fún iṣẹ́ aṣẹ́wó. Kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n á mú wọn lọ sí ojúbọ, wọ́n á gba irun wọn, èékánná wọn, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọmọ náà á búra pé òun á san gbogbo gbèsè, òun ò sì ní sọ fún ọlọ́pàá. Lára àwọn òòṣà tí wọ́n ń bẹ̀rù jù níbí ni Ayélála, ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tiwa ló sì ti wá sí Bìní. Ọmọ dé Ítálì, ilẹ̀kùn ṣí, ọlọ́pàá wà níta, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì ní lọ. Àwọn tó ń gba ọmọ là sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ṣàlàyé pé èékánná kò lè pa èèyàn, kò wọ ọmọ náà létí.

Ní oṣù Kẹta 2018, Ọba Bìní, Ewuare Kejì, pe àwọn olóòṣà àti oníṣègùn ìlú jọ sí ààfin. Ó fi wọ́n gégùn-ún pé ẹnikẹ́ni tó bá tún bá àwọn tó ń kó èèyàn lọ sókè òkun gba irú ìbúra bẹ́ẹ̀, kò ní rí ire. Ó sì kéde pé gbogbo ìbúra tí àwọn ọmọ náà ti ṣe ti di òfo. Ìròyìn dé láti Ítálì pé àwọn kan gbọ́, wọ́n sì ní àwọn ò san owó mọ́. Àwọn oníṣòwò ọmọ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ gba ojúbọ tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Ohun tí ọdún pípẹ́ ti ìwé ìléwọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò rí ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu Ọba ṣe lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ǹjẹ́ agbára ni, àbí kì í ṣe agbára? Èmi ní agbára ni, mo sì mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Ọkàn ọmọ náà ni ìbúra ti dè é, inú ọkàn náà ni ọ̀rọ̀ Ọba ti lọ tú u. Ní 1942, onímọ̀ ara kan ní Amẹ́ríkà, Walter Cannon, kọ̀wé lórí bí ẹni tó gbà pé wọ́n ti fi òun gégùn-ún ṣe lè kú láìjẹ májèlé. Ó ní ìbẹ̀rù tó lágbára tí kò sì dẹwọ́ lè da ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rú débi tí ọkàn kò ní lè gbé e mọ́. Àwọn dókítà òde òní ń rí ohun tó jọ ọ́ lójoojúmọ́. Aláìsàn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú, tí wọ́n ní oògùn gidi ni, ìrora rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ìrora, ẹ̀rù, àìsùn, èébì, inú tó ń ru: gbogbo èyí ni ọkàn lè fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí n kì í fi í bá ẹni tó ní àdúrà wòlíì gbé orí fífọ́ òun lọ jiyàn. Ó ṣeé ṣe kó gbé e lọ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n òkú kò ní ọkàn tí ọ̀rọ̀ lè gbà wọlé. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́ Ẹdó, kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ẹni tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ibi tí mo ti ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń gba ẹ̀mí. Ní 2011, BBC ròyìn pé ó kéré tán èèyàn mẹ́ta tó ní HIV ní London ló ti kú lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn wọn dúró nítorí pé pásítọ̀ sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti wò wọ́n sàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ̀lẹ́bí ní Peckham tàbí Tottenham mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń sọ.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibì kan wà tó ń tan àwọn tó gbọ́n gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn HIV déédéé, oògùn náà á tẹ kòkòrò rì débi pé ẹ̀rọ tó ń ka iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní rí i mọ́. Wọ́n á kọ ọ́ síwèé pé a kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni èsì ẹni náà ti rí kí ó tó lọ sí ìsọjí. Ó dé láti ìsọjí, ó gbé ìwé náà dání, ó ní, ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa, àyẹ̀wò ti sọ ọ́. Ìwé náà kò purọ́, pásítọ̀ náà lè máà purọ́. Oògùn ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kòkòrò náà ṣì lúgọ sínú ara, níbi tí ẹ̀rọ yẹn kì í wò. Bó bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sábà máa ń padà, ó sì lè ti kọ́ bí yóò ṣe borí oògùn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ti san, kó gbé ìwé àyẹ̀wò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń fún un ní oògùn, kí ó bèèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti bóyá òun ń lo oògùn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kó máa gbé oògùn náà mì títí yóò fi rí ìdáhùn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà nílé ìwòsàn ìjọba, UBTH sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń fún ni.